Ìwé Ìlera Yín, Ọwọ́ Ta Ni Ó Wà?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sáré gbé ẹnì kan nínú ilé yín dé ilé ìwòsàn tí kò dé rí, tí ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò sọ fún dókítà irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀, oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́, àti èyí tí ara rẹ̀ kò gbà? Ẹ má tètè dáhùn. Èmi náà rò pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú ilé tèmi, títí di ọdún 2013.

Ní 1996, kò pẹ́ tí a kó dé Agboju, ibà dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀. Ó lo oògùn ibà kan tí tọmọdé tàgbà ń lò nígbà náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara rẹ̀ ti sú jáde, ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ sì ti wú. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́. Ó mú bírò pupa, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí iwájú káàdì rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. A kò bi í pé kí ni ó kọ. Orúkọ oògùn náà nìkan ni a gbé lọ sílé, a sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ọdún ń gorí ọdún. Dókítà náà kó lọ sí òkè òkun, ilé ìwòsàn náà sì di ilé ìtajà. Ní ti àwọn káàdì ibẹ̀, òjò pa òmíràn, àwọn tí ń ra ìwé àlòkù sì kó ìyókù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá alákàrà kan nídìí ọjà fi ojú ewé kan tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnì kan sí di àkàrà fún mi. Mo ka orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀. Mo mọ ẹni náà.

Ní 2013 ikọ́ ṣe ìyàwó mi, a sì lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá oògùn kan wà tí kò bá a lára mu, ó sì dárúkọ oògùn ibà ti 1996 láìṣì í pè. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oògùn ikọ́ ni wọ́n wá fún un. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, àìsàn tí wọ́n fi ń wò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni òun àti oògùn ibà ọjọ́sí: inú ìdílé oògùn tí wọ́n ń pè ní sulfa ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọ̀rọ̀ tí dókítà àkọ́kọ́ fi bírò pupa kọ nìyẹn. Ọjọ́ 19 ni ìyàwó mi lò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí awọ ara rẹ̀ ń ṣí bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Ọlọ́run yọ ọ́, ọpẹ́ ni fún Un. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀, ojú ọ̀tún rẹ̀ a máa da omi.

N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì béèrè, ìyàwó mi dáhùn, òótọ́ sì ni ó sọ. Ohun tí ó sọnù láàrin wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ju lẹ́tà márùn-ún lọ.

DÓKÍTÀ MÚ ÌWÉ MẸ́TA WÁ

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọmọ ìjọ wa kan tí ó ní ilé ìwòsàn kékeré lẹ́yìn ọjà Agboju dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ilé iṣẹ́ mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ tà fún un jọra: ètò kọ̀ǹpútà tí yóò jẹ́ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìlera tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì lè ṣí i wò lórí fóònù rẹ̀ nígbàkígbà.

“Pásítọ̀,” ó ní, “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn aláìsàn mi tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ yìí. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́ lórí pẹpẹ, wọn yóò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo èyí tí ó dára jù.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Èmi tí ọmọ mi ń bá ṣètò fóònù! Ṣùgbọ́n mo rántí lẹ́tà márùn-ún yẹn. Mo sì tún rò ó pé bí mo bá sọ fún ènìyàn 400 pé kí wọ́n kó àṣírí ara wọn sínú ohun kan, tí ohun náà sì tú, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò bá wá. Mo sọ fún un pé, “Dókítà, n kò ní polongo ohun tí kò yé mi. Ẹ fún mi ní oṣù kan.”

ILÉṢÀ NI Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo tọ̀ lọ ni ìyá wa kan nínú ìjọ tí wọ́n lo ọdún 31 ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn tí ń jókòó níbẹ̀ kàn ń wá káàdì kiri ni, a sì máa ń jágbe mọ́ wọn. Iṣẹ́ tí a ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni. Láti 1989 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera sínú ìwé. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú káàdì kan jáde láti inú ọ̀rá. Káàdì tí wọ́n fi ń wọn àkọ́bí wọn ni, ọmọ tí ó ti bí ọmọ tirẹ̀ báyìí.

“Pásítọ̀,” Màmá ní, “ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń tà fún Dókítà, ṣé ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?”

Òótọ́ ni. Ní 1956 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Ní àkókò náà, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ewé. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣí ibi ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ọjọ́ tí a bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Káàdì kan ni ó wà nídìí gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé káàdì yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti gbé e láìmọ ọgbọ́n inú rẹ̀. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà méjì sì ń gòkè láàrin wọn bí ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì tóótó kan síbẹ̀, wọ́n á sì fa ìlà láti àmì ti oṣù tó kọjá dé ti òní. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ọmọ wọn kílò mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ náà kò tí ì ní ìtumọ̀, nítorí ọmọ tí ó ti ọ̀dọ̀ kílò méje bọ̀ ń dàgbà, èyí tí ó sì ti ọ̀dọ̀ kílò mẹ́sàn-án bọ̀ ń joro. Ṣùgbọ́n ìlà kì í purọ́. Ìyá tí kò ka ìwé rárá yóò rí i bóyá ọ̀nà ọmọ òun ń gòkè ni, tàbí ó tẹ́jú, tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, yóò sì rí i kí ó tó hàn lójú ọmọ. Ní igun káàdì náà, wọ́n máa ń kọ ìdí tí ọmọ yìí fi nílò àmójútó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bóyá ìbejì ni, bóyá ìyá rẹ̀ ti kú, bóyá àwọn tí a bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró.

Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe ọwọ́ ilé ìwòsàn. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń fi í sí kí omi má bàa kàn án. Bí ìyá bá lọ sóko, káàdì ń bẹ. Bí ó bá lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú mìíràn, tí ara ọmọ gbóná níbẹ̀, káàdì ń bẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìyá Yorùbá ni yóò rò pé wọn yóò sọ ọ́ nù. Àwọn tí wọ́n lo káàdì náà rí i pé àwọn ìyá kì í tètè sọ ọ́ nù bí yàrá káàdì ti máa ń sọ tirẹ̀ nù, Màmá yàrá káàdì fúnra wọn sì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ èyí fún mi. Ní 1978 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé irú káàdì náà jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Dókítà Morley kú ní 2009. Àbúrò ìyàwó mi tí ó bímọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé pupa tí wọ́n fún un fún ọmọ rẹ̀ hàn mí, irú èyí tí àwọn òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo sọ fún un pé ohun tí ó gbé lọ́wọ́ yẹn, ìbátan káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Kò gbà mí gbọ́.

Kọ̀ǹpútà pàápàá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1989, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì fọwọ́ kan ọ̀kan rí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀, pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ètò náà ni ó di MINPHIS lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Wesley Guild ti Iléṣà náà sì ti di apá kan ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yẹn. Ti Ifẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ti Ìmẹ̀sí-Ilé wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ohun tí Dókítà wa ń wá kiri ni bí yóò ṣe so àwọn méjèèjì pọ̀.

BÍ ILÉ ÌTAJÀ BÁ KÓGBÁ SÍLÉ

Ní ọjọ́ Sátidé kan a pe àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ọ́fíìsì ìjọ, wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan. Dókítà wà níbẹ̀, Màmá yàrá káàdì wà níbẹ̀, ìyá tí ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, àti èmi.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ áàpù orí fóònù, ọ̀fẹ́ ni fún aláìsàn, ọ̀fẹ́ ni fún Dókítà, òkè òkun sì ni wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà sí. Mo bi ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá pé, “Ọmọ mi, bí aláìsàn kò bá san owó, tí Dókítà kò sì san owó, ta ni ń san owó oṣù rẹ?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. A kò rí ìdáhùn gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akọrin wa bi í ní ìbéèrè tí ó ju tèmi lọ. Ó ní, bí ilé iṣẹ́ yín bá kógbá sílé, àkọsílẹ̀ wa ńkọ́? Ọmọkùnrin náà ní ilé iṣẹ́ àwọn kò lè kógbá sílé láéláé. Akọrin wa wá sọ ìtàn kan fún wa. Ní 2008, Google tí gbogbo ayé mọ̀ ṣí ibi tí ẹnikẹ́ni lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ sí, wọ́n pè é ní Google Health. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 2012 wọ́n ti í pa, nítorí àwọn ènìyàn tí ń lò ó kò pọ̀ tó bí wọ́n ti rò. Wọ́n fún àwọn tí ó ní àkọsílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún kan sí i láti kó ẹrù wọn. Microsoft ti ṣí tiwọn ní 2007, HealthVault ni orúkọ rẹ̀. Òun náà kógbá sílé ní oṣù November 2019. Bí erin méjì bá lè ṣubú báyìí, kí ni kí a sọ nípa ilé iṣẹ́ tí ó ní yàrá kan ní Yábàá?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tí ń ta irú ọjà yìí ni ti ọ̀nà àbájáde. Ẹ ní kí ó fún yín ní ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ aláìsàn kan níwájú yín, lójú ẹsẹ̀, ní irú ọ̀nà tí ètò ilé iṣẹ́ mìíràn lè fi kà á. Bí ó bá ní kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá òun, ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ojúrere ni a ń bẹ̀ é fún. Òfin ìdáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù June 2023 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ẹ̀dà ohun tí a kọ nípa rẹ̀, àti láti ní kí a tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Òfin náà sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gbẹgẹ́, tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ilé iṣẹ́ kẹta ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa san owó lóṣooṣù, bí kò bá sì san án, ìlẹ̀kùn àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò tì títí yóò fi san. Màmá dìde. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn dógò. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kẹta parí síbẹ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó jọ mí lójú. Inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni ètò náà ń gbé, ẹ̀dà rẹ̀ sì ń lọ sí ibòmíràn ní alaalẹ́ kí iná tàbí olè má bàa pa gbogbo rẹ̀ run lẹ́ẹ̀kan. Bí iná mànàmáná bá lọ, bátìrì kékeré yóò gbé e títí wọn yóò fi tan jẹnẹrétọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, iṣẹ́ ń lọ. Ó lè tẹ ìwé ojú ewé kan jáde tí ó kó kókó ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn jọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wo tirẹ̀ lórí fóònù, ẹni tí kò bá fẹ́, a kò ní fi dandan mú un. Akọrin wa rán wa létí pé ètò kan wà tí a kì í rà rárá, OpenMRS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí àwọn ilé ìwòsàn ní Kẹ́ńyà àti Rwanda sì ti lò fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tún un ṣe lójoojúmọ́, Dókítà kò sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

FÓÒNÙ TA NI?

Mo rò pé a ti parí iṣẹ́. Ìyá tí ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kò tí ì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n wá ní, “Pásítọ̀, gbogbo yín ń sọ pé aláìsàn yóò wò ó lórí fóònù rẹ̀. Fóònù ta ni? Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ mi yìí, Bàbá ni ó rà á. Àwọn ni ó mọ nọ́ńbà tí ó ń ṣí i. Ọmọ mi obìnrin mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé lọ́dọ̀ wa fi ń wo bọ́ọ̀lù.”

Kò sí ẹni tí ó fèsì. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Obìnrin kan ṣe àyẹ̀wò HIV nígbà oyún, ó fẹ́ wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ fún ọkọ rẹ̀, fóònù ti sọ fún un kí òun tó délé. Ọ̀dọ́ kan lọ tọ́jú àrùn tí ó tijú láti dárúkọ, àbúrò rẹ̀ kà á. Ìyàwó kan ń ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ìyá ọkọ rí i. N kò sọ pé kí tọkọtaya máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wọn. Èmi ni mo ń so wọ́n pọ̀, mo mọ ohun tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ó tọ́ yàtọ̀ sí kí fóònù tú u síta lórí tábìlì oúnjẹ.

Níbí yìí, mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pe dókítà kan lórí fóònù, mo bi í ní èsì àyẹ̀wò ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn nínú ìjọ mi. Ó sọ ọ́ fún mi láìjanpata, nítorí mo jẹ́ pásítọ̀. Mo rò pé olùṣọ́ àgùntàn rere ni mo ń ṣe. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù October 2014, sọ ní abala 26 pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síta láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fi ìwé gbà bẹ́ẹ̀, tàbí ilé ẹjọ́ tàbí òfin pàṣẹ rẹ̀, tàbí fífi í pamọ́ yóò kó àwùjọ sí ewu ńlá, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀nà mìíràn. Kò sí “pásítọ̀ béèrè” níbẹ̀. Abala 25 sọ pé ilé ìwòsàn gbọdọ̀ ní àkọsílẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ó bá gba ìtọ́jú níbẹ̀. Abala 29 sì sọ pé wọ́n gbọdọ̀ dáàbò bò ó, ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, tàbí kí ó san 250,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ojú ewé tí wọ́n fi di àkàrà fún mi wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka èyí.

Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ míràn o. Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìṣirò àjọ WHO ni pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, àti pé bí a bá kó ènìyàn mẹ́rin jọ nílẹ̀ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ AS. Mo ti sin irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti jókòó ti ìyá wọn. Nítorí náà, àyẹ̀wò kò ní kúrò nínú ètò ìgbéyàwó ìjọ wa. Ohun tí a yí padà ni ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀dọ́ méjèèjì yóò ṣe àyẹ̀wò ní láàbù méjì tí ó yàtọ̀ síra, nítorí láàbù a máa ṣi èsì kọ. Àwọn fúnra wọn ni yóò mú èsì wá. Ìgbìmọ̀ yóò wò ó lójú wọn, a ó sì dá ìwé wọn padà fún wọn. A kò ní tọ́jú ẹ̀dà kankan sí ọ́fíìsì ìjọ mọ́. Fáìlì tí ó kún fún èsì àwọn tọkọtaya láti ọdún wọ̀nyí wá, èmi àti akọ̀wé ìjọ pe àwọn tí ó ni ín lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì kó o fún wọn.

OHUN TÍ A FẸNU KÒ SÍ

Ohun tí Dókítà ṣe níkẹyìn rọrùn ju ohun tí ó gbé wá bá mi lọ. Ó ra ètò ti ilé iṣẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó dé ọ̀rọ̀, ó tẹ ìwé kékeré kan tí ó lè wọ àpò, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, bí káàdì àwọn ọmọ ti Ìmẹ̀sí-Ilé. Màmá yàrá káàdì ni wọ́n bá a tò ó. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni orúkọ, ọjọ́ ìbí, irú ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù, nọ́ńbà ẹni tí a lè pè. Ojú ewé kejì, èyí tí a fi pupa yí ká, jẹ́ ti ohun tí ara ẹni náà kò gbà, Màmá sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ìdílé oògùn náà síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ó wà lára páálí nìkan. Ẹ̀yin aboyún, ẹ fetí sí èyí ju gbogbo ènìyàn lọ, nítorí oògùn sulfa wà nínú èyí tí wọ́n ń fún aboyún láti dènà ibà. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ọjọ́ pípẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, oògùn tí ẹni náà ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí a ti ṣe fún un rí, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kà kò sí nínú ìwé náà. Inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni ó wà, nọ́ńbà ilé ìwòsàn sì wà lẹ́yìn ìwé, kí dókítà ibòmíràn lè pè lóru bí ó bá pọn dandan, kí aláìsàn sì ti sọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù, ohun tí wọ́n lè sọ fún un. A bá ara wa jiyàn lórí èyí pẹ́. Dókítà ní ẹni tí ń lo oògùn HIV, ó yẹ kí gbogbo oníṣègùn tí ó bá tọ́jú rẹ̀ mọ̀, nítorí oògùn kan a máa bá òmíràn jà. Òótọ́ ni. Ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ní ìwé a máa bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Mile 2. Òun náà, òótọ́ ni. A fi í sí ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ láti yàn.

Ní ti fóònù, ẹni tí ó bá béèrè fún un ni wọ́n ń fún, nọ́ọ̀sì yóò sì kọ́kọ́ bi í nígbà tí òun nìkan wà níbẹ̀ pé, ta ni mọ nọ́ńbà tí ó ń ṣí fóònù yín?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwa tí a ń gbàdúrà fún aláìsàn. Mo ti wà níbi ìsọjí tí wọ́n ti ní kí àwọn tí ó gba ìwòsàn ya káàdì wọn sọ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, àwọn ènìyàn sì ń hó. Ẹ má ṣe é mọ́. Bí Olúwa bá wò yín sàn, ẹ mú káàdì náà lọ fún dókítà kí ó yẹ̀ yín wò, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀. Ẹ̀rí tí a kọ ni ọmọ ọmọ yín yóò lè kà. Ẹni tí ó ya káàdì rẹ̀ ya orúkọ oògùn tí ó lè pa á pẹ̀lú.

Ìwé 500 àkọ́kọ́ dé láti Ṣómólú ní oṣù tó kọjá. Àwọn atẹ̀wé ṣe àyè jẹ́nótáìpù kéré jù, nítorí náà ọwọ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fa ìlà rẹ̀ gùn sí i. Òjò ọjọ́ 10 oṣù July 2011 tí ó sọ òpópónà wa di odò kò ṣe é gbàgbé, Dókítà sì ti gbé àwọn káàdì àtijọ́ kúrò nílẹ̀ sórí pẹpẹ onírin nígbà tí wọ́n ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Bí mo ti ń kọ èyí, wọ́n ti dé lẹ́tà F. Ìyàwó mi ti gba tirẹ̀. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó bá sì ti ní káàdì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní san ohunkóhun.